Adágún Ẹ̀yìnkùlé Ẹfúntólá

Opó apẹja ni Ẹfúntólá. Ìlú Òkè-Ìsun ló ń gbé, nínú ilé kan tó kángun sí odò Àwẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀ṣúnlékè ọkọ rẹ̀ kú, ohun tó fi sílẹ̀ fún un kò ju ilé náà, ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé, àti àwọ̀n mélòó kan tí eku ti ń jẹ létí. Obìnrin náà kì í pariwo, kì í sì í bá ènìyàn jà lójú ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá ti ní "rárá" báyìí, kí ẹni tó ń bẹ̀ ẹ́ yáa máa lọ sílé rẹ̀ ni.

Ní ọdún tí à ń sọ yìí, ẹja ti tán nínú odò Àwẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀dá ló pa wọ́n. Jagun Akínlàbí ló pa wọ́n. Nígbà tí wọ́n fi í joyè, ó fẹ́ kí àsè rẹ̀ ju ti gbogbo ìjòyè tó ti jẹ ṣáájú lọ, ó sì rán àwọn ènìyàn rẹ̀ pé kí wọ́n gún èso igi olóró, kí wọ́n dà á sí òkè odò. Ẹja ńlá, ẹja wẹ́wẹ́, àti èyí tí ẹyin ṣì wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn yí ikùn sókè, wọ́n léfòó. Agbọ̀n agbọ̀n ni wọ́n fi kó wọn. Àsè náà dùn, irọ́ ni ẹni tó bá ní kò dùn ń pa. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà, apẹja tó bá ju àwọ̀n, ewé àti òkúta ni yóò fà jáde. Àwọn ará ìlú ń kùn lábẹ́lẹ̀. Bí Jagun bá sì ń kọjá, wọn a dọ̀bálẹ̀, wọn a kí i tẹ̀ríntẹ̀rín.

Ẹfúntólá kò kùn. Ó gbé ìkòkò rù, ó gun òkè lọ sí ibi tí odò náà ti ń bẹ̀rẹ̀, níbi tí oró náà kò dé. Nínú ihò àpáta kan ó rí ẹja àrọ̀ díẹ̀ àti epìyà díẹ̀. Ó fi omi odò kan náà gbé wọn wálé. Ó gbẹ́ kòtò sáàárín ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ̀, kò fẹ̀ ju ẹní méjì tí a tẹ́ papọ̀ lọ, ó sì jìn tó ìbàdí àgbàlagbà. Ó fi amọ̀ rẹ́ inú rẹ̀, ó gbo ó títí ó fi dán, ó pọn omi kún un, ó sì kó ẹja rẹ̀ sí i.

Àwọn aládùúgbò fi í rẹ́rìn-ín. "Ẹ wá wo Ẹfúntólá o, ó ń sin ẹja bí ẹni ń sin ewúrẹ́!"

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ̀rín náà fẹ́ẹ̀ tọ́ sí i. Ó rò pé bí òun bá ti ń fún ẹja lóúnjẹ tó, ìtọ́jú náà ti pé. Èérí ọkà, ẹ̀kọ, àkàrà tó rún, gbogbo rẹ̀ ló ń dà sómi. Kò pẹ́ tí omi náà fi ṣú bí omi ìlasa, tó ń rùn, tí àwọn ẹja sì ń yọ ẹnu sókè láàárọ̀ bí ẹni tó sáré wá láti oko. Díẹ̀ nínú wọn kú. Ìgbà náà ló rántí ohun tí Ọ̀ṣúnlékè máa ń sọ bó bá ń tún àwọ̀n ṣe, pé ebi kì í yára pa ẹja bí ìdọ̀tí.

Ó tún iṣẹ́ náà bẹ̀rẹ̀. Kò gbọn gbogbo omi náà dànù, nítorí pé omi tuntun pátápátá máa ń dá ẹja níjì bí ìlú àjèjì ṣe ń dá àlejò níjì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń bù ú kúrò, díẹ̀díẹ̀ ló ń fi omi ìsun rọ́pò rẹ̀. Ó la ọparun, ó fi fa omi láti ìsun tó wà lẹ́yìn ilé, kí ó lè máa já láti òkè bọ́ sínú adágún náà, tó-tó-tó, tọ̀sán-tòru. Omi tó ń já bẹ́ẹ̀ a máa gbé èémí wọlé fún ẹja. Ó gbin òṣíbàtà sí igun kan kí ẹja lè rí ibòji sá sí. Ó jẹ́ kí ojú oró wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti fẹ́ bo omi mọ́lẹ̀, a yọ ọ́ dànù sídìí ẹ̀fọ́. Ó kó ìṣáwùrú sí ìsàlẹ̀ kí wọ́n máa lá èèhọ̀n tó ń yọ̀ lára òkúta. Ní ti oúnjẹ, ìwọ̀n ikán tí ẹja lè jẹ tán lójú rẹ̀ ló ń fún wọn. Bí ó bá ṣẹ́kù, a fi ajere kó o. Ó tilẹ̀ gé ẹ̀ka igi ìyeyè tó ń wọ ewé sómi, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fẹ́ràn èso rẹ̀.

Nígbà tí oṣù ń gorí oṣù, omi náà mọ́ gaara. Ènìyàn lè dúró létí rẹ̀ kó rí òkúta tó wà nísàlẹ̀ àti àwọ̀ irùngbọ̀n àrọ̀. Ẹ̀rín àwọn aládùúgbò dáwọ́ dúró. Wọ́n ń wá wòran báyìí, bí wọ́n bá sì ti ń lọ, wọ́n ń gbé itọ́ mì.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ rí nígbà ọyẹ́, tí Jagun Akínlàbí gbọ́ pé àwọn àna òun ń bọ̀ wá kí òun. Ó rán ìránṣẹ́ sí Ẹfúntólá pé kí ó kó ẹja wá. Ìránṣẹ́ padà lọ́wọ́ òfo. Jagun gbé agbádá wọ̀, ó lọ fúnra rẹ̀.

Ẹfúntólá kúnlẹ̀ kí i. "Ẹ káàbọ̀, Jagun. Ẹ jókòó."

"N kò wá jókòó. Ṣé ìwọ lo ní kí ìránṣẹ́ mi máa lọ?"

"Èmi ni, Jagun."

"Bàbá àwọn àna mi fẹ́ràn àrọ̀. Ní gbogbo Òkè-Ìsun, ọ̀dọ̀ rẹ nìkan ni àrọ̀ wà."

"Òótọ́ ni. Ẹ̀yin náà sì mọ ìdí tó fi jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi nìkan ló wà."

Ojú Jagun le. Kò sẹ́ni tó tíì sọ ọ̀rọ̀ odò náà sí i létí láti ìgbà tó ti joyè. Ẹfúntólá kò dúró kí ó wá èsì.

"Ẹyin ti wà nínú wọn, Jagun. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, odò ni mo ń kó wọn padà sí, kí àwọn apẹja lè tún rí iṣẹ́ ṣe. Irúgbìn ni wọ́n. Àgbẹ̀ wo ló ń se irúgbìn rẹ̀ jẹ?"

"Èmi Jagun ni mò ń bá ọ sọ̀rọ̀, Ẹfúntólá!"

"Mo mọ̀. Ìdí rẹ̀ tí mo fi kúnlẹ̀ nìyẹn. Orúnkún mi ló wà nílẹ̀ yìí o, ọ̀rọ̀ mi kò kúnlẹ̀."

Jagun bínú kúrò níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ Baálẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Baálẹ̀ Òkè-Ìsun ti darúgbó, ọkàn rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rù Jagun sì ń bà á ju bó ṣe fẹ́ kí ènìyàn mọ̀ lọ. Jagun kò dárúkọ ẹja rárá. Ó ní àìsàn ń bọ̀ wá ba ìlú, nítorí pé obìnrin kan sé omi mọ́ ẹ̀yìnkùlé, ẹ̀fọn sì ń pamọ níbẹ̀. Ó ní kí Baálẹ̀ pàṣẹ pé kí wọ́n dí kòtò náà kí ibà tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọn àwọn ọmọ ìlú.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Ẹfúntólá. Àwọn ènìyàn ti kún àgbàlá Baálẹ̀ kí ó tó dé. Nígbà tó gbọ́ ẹjọ́ tí wọ́n fi í sùn, kò bẹ ẹnikẹ́ni.

"Baálẹ̀, bàbá wa," ó ní, "kí ẹ̀fọn tó di ẹ̀fọn, tanwíji ló kọ́kọ́ ń jẹ́, inú omi ló sì ń gbé. Tanwíji ni ẹja mi ń jẹ láàárọ̀. Ẹ dìde, kí gbogbo wa lọ wò ó. Bí ẹ bá rí ẹyọ tanwíji kan ṣoṣo nínú omi mi, èmi fúnra mi ni n ó gbé ọkọ́, n ó sì dí kòtò náà lójú yín."

Wọ́n lọ. Baálẹ̀ fi igbá funfun bu omi náà níhìn-ín, ó bù ú lọ́hùn-ún, ó bù ú lábẹ́ òṣíbàtà. Ó gbé igbá náà sún mọ́ ojú rẹ̀. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ àfi omi. Inú àwọn tó dúró dùn.

"Ó mọ́," ni Baálẹ̀ wí. "Omi yìí mọ́ ju èyí tí mo mu láàárọ̀ lọ."

"Ẹ ṣeun, bàbá wa," ni Ẹfúntólá dáhùn. "Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀fọn la wá ń wá, ẹ jẹ́ ká kúkú yà wo àmù ẹ̀yìnkùlé Jagun bí a bá ń padà lọ."

Ẹnìkan rẹ́rìn-ín láàárín èrò. Ẹlòmíràn gbà á. Kí a tó ṣẹ́jú, ẹ̀rín ti gba gbogbo ọgbà ẹ̀fọ́. Baálẹ̀ pàápàá fi ọwọ́ bo ẹnu. Ó ní ẹjọ́ ti parí, kí ẹnikẹ́ni má dí adágún Ẹfúntólá.

Ẹ̀rín náà ló dun Jagun, ó dùn ún ju ìdájọ́ lọ. Ó ń rìn lọ sílé, ó ń sọ̀rọ̀ sínú. "Ó mọ́, àbí? N ó wò ó bí yóò ṣe mọ́."

Ṣẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀ àgbà jẹ́ aláró. Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò ẹ̀lú rẹ̀ ni agbọ̀n eérú máa ń wà, eérú líle tí wọ́n ń sẹ́ omi lára rẹ̀ kí aró tó lè mú aṣọ. Jagun na ìka sí agbọ̀n ńlá kan.

"Ẹ gbé èyí fún mi. Inú omi obìnrin yẹn ló ń lọ."

Ṣẹ̀gilọlá fi aṣọ tó ń rẹ sílẹ̀. "Olówó orí mi, eérú àdògán kọ́ nìyí o. Èmi tí mo ti ń fọwọ́ kàn án láti ìgbà èwe, ó ṣì ń bó mi lọ́wọ́. Bó bá wọ omi, kò sí ẹja tí yóò yè é. Ẹ rántí pé nígbà tí odò kú, ilé wa náà kò rí ẹja jẹ mọ́."

"Ṣé mo bi ọ́ léèrè?"

"Ẹ kò bi mí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò ní gbé e."

Jagun kọjú sí àwọn ìránṣẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀gbẹ́ ń dun òun. Èkejì ní wọ́n ń pe òun nílé ìyá òun. Kò sí èyí tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní ẹni tó pa ẹja tó ṣẹ́kù ní Òkè-Ìsun. Ni Jagun Akínlàbí bá ṣán agbádá lé èjìká, ó gbé agbọ̀n eérú náà fúnra rẹ̀, lójú ọ̀sán gangan, ìjòyè ìlú! Àwọn tó rí i lọ́nà fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé e lókèèrè.

Ẹfúntólá ń ṣa ewé gbígbẹ lójú omi nígbà tó gbọ́ ìró ẹsẹ̀ èrò. Ó rí Jagun, ó rí agbọ̀n, ó sì mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ọyẹ́ ń fẹ́ gan-an lọ́sàn-án ọjọ́ náà, láti apá òkè odò lọ sí ìsàlẹ̀ odò, lápá ilé Jagun. Ẹfúntólá dìde, ó dúró sí apá òkè adágún rẹ̀. Jagun dúró sí òdìkejì.

"Wá nǹkan sọ báyìí," ni Jagun wí.

"Jagun, ẹ wo bí ìró ìdí mi ṣe ń fẹ́ lẹ́lẹ́. Ọ̀dọ̀ yín ni afẹ́fẹ́ kọjú sí. Ẹ gbé eérú yẹn sílẹ̀ kó má baà ṣe yín léṣe."

Jagun rẹ́rìn-ín músẹ́. "O ti ń bẹ̀ báyìí."

"N kò bẹ̀ yín. Ohun tí ojú mi rí ni mò ń sọ fún yín. Bí ẹ bá fẹ́ dà á, ẹ dà á. Mi ò ní kúrò níbí. Bí gbogbo ẹja yìí bá kú lónìí, n ó tún gun òkè lọ, n ó sì wá òmíràn. Bí ẹ bá dí kòtò yìí, n ó gbẹ́ òmíràn sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọwọ́ tí mo fi gbẹ́ ti àkọ́kọ́ ṣì wà lára mi. Ẹ̀yin lẹ máa sú, Jagun, kì í ṣe èmi."

Jagun gbé agbọ̀n náà sókè orí, ó sì fi gbogbo agbára jù ú síwájú.

Eérú náà jáde bí ìkùukùu. Kò tíì dé àárín omi tí ọyẹ́ fi gbá a mú. Ó dúró díẹ̀ lójú òfuurufú, ó yí padà, ó sì dà lé Jagun lórí. Ó wọ̀ ọ́ lójú, ó wọ̀ ọ́ nímú, ó kún ẹnu tó fi ń rẹ́rìn-ín. Fìlà rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun, gbogbo ìṣẹ́po agbádá rẹ̀ kún fún un bí àpò ìyẹ̀fun. Díẹ̀ bọ́ sórí ojú oró tó wà létí omi. Èyí tó pọ̀ jù, ara rẹ̀ ló wà.

"Ojú mi! Ẹ fún mi lómi! Mo fọ́jú o!"

Ó ń táràrà bọ̀ síbi adágún, ọwọ́ rẹ̀ nà síwájú. Ẹfúntólá sáré yí i ká, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dá a dúró láyà. Àwọn èrò mí kanlẹ̀. Obìnrin kò tíì fọwọ́ ti Jagun rí.

"Ẹ kò ní wọ inú ẹ̀. Eérú kún ara yín. Ẹ bẹ̀rẹ̀ síhìn-ín, lórí ebè ẹ̀fọ́."

Jagun bẹ̀rẹ̀. Ẹfúntólá bu omi inú adágún náà, ó ń da á sí i lójú, igbá lórí igbá.

"Ẹ la ojú. Ẹ má fọwọ́ nù ún, ẹ ṣáà là á. Ẹ tún là á."

Ó wẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ojú náà fi là, ó pọ́n bí ẹyìn, ṣùgbọ́n ó ń ríran. Omi tó wá bàjẹ́ ni wọ́n fi gba ojú rẹ̀ là. Ó wo Ẹfúntólá, ó wo èrò. Ó yí padà, ó kọrí sílé.

Báyìí, ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ wà fún un. Bí ó ti ń gbé ẹsẹ̀ kan ni eérú ń rú jáde láti inú agbádá, ọyẹ́ a sì gbé e sókè, a sì máa lé e lọ. Ó yára rìn; eérú náà yára. Ó dúró, ó gbọn aṣọ. Èyí tó jáde pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì yí i ká. Nígbà tó yá ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, ìkùukùu funfun náà ń bá a bọ̀ lẹ́yìn láti ìdí odò títí dé ìloro ilé rẹ̀. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ń bèèrè pé, "Kí ló ń tọ Jagun lẹ́yìn?" Àwọn tó ń bọ̀ láti ọgbà a sì dá a lóhùn pé, "Eérú tó lọ dà ni."

Ẹ̀rín kọ́ ni Ẹfúntólá ń rín ní tirẹ̀. Ó ti bọ́ sínú omi, ó ń fi ajere kó ojú oró tí eérú bà lé. Àwọn ẹja ti ń yọ ẹnu sókè. Ìgbà náà ni àwọn aládùúgbò tó ti ń fi ojú lásán wòran ká ìró sókè, wọ́n bọ́ sí i. Àwọn kan ń gbọn omi òkè dànù, àwọn kan ń pọn omi ìsun wá. Ṣẹ̀gilọlá aláró náà wá, ìkòkò lórí, kò sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ìyá àrọ̀ kan tó tóbi kú. Ẹfúntólá gbé e sọ́wọ́, ó sunkún lórí rẹ̀ bí ẹni pé ènìyàn ni. Àwọn yòókù yè.

Ohun kan yí padà ní Òkè-Ìsun lẹ́yìn ọjọ́ náà. Jagun gbìyànjú láti fi ọ̀rọ̀ náà sun Baálẹ̀, ó ní obìnrin fọwọ́ ti ìjòyè. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ la ẹnu ni apẹja àgbà kan dìde láàárín ìjókòó, ó ní, "Kí a tó sọ ti ọwọ́, Jagun, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti odò." Ẹlòmíràn dìde, òmíràn tún dìde. Ohun tí wọ́n ti ń kùn lábẹ́lẹ̀ láti ìgbà àsè, wọ́n sọ ọ́ lójú rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò dọ̀bálẹ̀. Baálẹ̀ náà rí ohùn rẹ̀. Ó kà á léèwọ̀ pé ẹnikẹ́ni, ìbáà ṣe ìjòyè ìbáà ṣe tálákà, kò gbọdọ̀ da oró sí odò Àwẹ̀rẹ̀ mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, gbogbo ìlú ló sin Ẹfúntólá lọ sódò. Ó tẹ ìkòkò dà síbi tí omi ti rọra ń ṣàn, àwọn ọmọ ẹja sì tú ká bí àgbàdo tó dà nù. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọ̀n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́ àwọn apẹja.

Láti ìgbà náà, bí alágbára kan ní Òkè-Ìsun bá ń gbìmọ̀ ibi sí ọmọnìkejì rẹ̀, wọn kì í bá a jà, wọn kì í sì í bẹ̀ ẹ́ mọ́. Wọn a kàn wò ó lójú, wọn a sọ fún un ní gbangba ohun tí gbogbo Yorùbá ti gbà lẹ́nu wọn lónìí, pé ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀.